Ìlà ara síláìdì ìbọn tuntun mi ń ha mí lọ́wọ́, ṣé kí n fá a dànù ni àbí kí n fi sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Houston

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìbọn ìléwọ́ 9mm kan, mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnì tó ṣe é torí mi ò bá wọn jà. Ìbọn náà dáa, ó bá ọwọ́ mi mu, ibi tí mo bá fojú sùn ló ń bà. Àmọ́ àwọn ìlà tí wọ́n gé sára síláìdì ẹ̀, ìyẹn irin òkè tó ń sún sẹ́yìn sún síwájú, tẹ̀yìn tiwájú, èyí téèyàn fi ń dì í mú tó bá fẹ́ fà á sẹ́yìn, wọ́n yọ sókè, ẹnu wọn sì mú bí eyín ayùn. Tí mo bá ti fà á fún ìgbà díẹ̀ ní rénjì, níbi tá a ti ń fi ìbọn dánra wò, báyìí, ìka mi á ti pọ́n, awọ ibẹ̀ á fẹ́ẹ̀ bó. Tí mo bá tún fi sínú họ́lísítà, ìyẹn àpò ìbọn, nínú ṣòkòtò, ó ń ha mí níbàdí, ó sì ń fa òwú aṣọ mi yọ.

Ọkọ mi ní kí n gbé e wá kí òun fi fáìlì fá gbogbo ẹ̀ kó dán. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní kí n má dán an wò, pé téépù oníyanrìn ni kí n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹlòmíì tún ní kí n ra irin kan tó ní etí méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn síláìdì, pé òun ló máa jẹ́ kó rọrùn. Èwo ni kí n ṣe nínú ẹ̀? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún mọ̀ pé làkúrègbé ti ń dé sí ìka mi díẹ̀díẹ̀, kì í rọrùn fún mi láti fún nǹkan pinpin.

AdéDallas

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ bá mi bẹ bọ̀ọ̀dá wa kí wọ́n gbé fáìlì yẹn sílẹ̀ ná, torí irin tí wọ́n bá fá kúrò, kò sẹ́ni tó máa lẹ̀ ẹ́ padà. Téépù, ẹ lè ṣí i. Síkúrù, ẹ lè tú u. Họ́lísítà, ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú gbogbo èyí tó ṣeé dá padà kẹ́ ẹ tó dé orí èyí tí kò ṣeé dá padà.

Ìbéèrè mi rèé: báwo lẹ ṣe ń fà á? Ṣé àtàǹpàkò àti ìka kan lẹ fi ń fún un lẹ́yìn ni, àbí gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lẹ fi ń bò ó? Mo rí i lára ìyàwó mi pé bó ṣe ń dì í mú ló ń dá ọgbẹ́ sí i lọ́wọ́, ìlà yẹn kọ́ gan-an.

Olùkọ́_Rénjì

Ibi tí AdéDallas bá dé yẹn lọ̀rọ̀ wà o. Mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn wa ní ìbọn yíyìn níbí ní Texas, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá fi ìka méjì fún síláìdì, orí awọ ìka méjì yẹn ni gbogbo agbára ń bọ́ sí, kò sì ní lè dì í mú dáadáa, ọwọ́ á wá máa yọ̀. Yíyọ̀ yẹn ló ń bó awọ. Tí ọwọ́ ò bá yọ̀, ìlà náà ò ní ráyè ha èèyàn.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ yọ mágásìn tí ọta ń wà nínú ẹ̀, ẹ fa síláìdì sẹ́yìn, ẹ wo ihò tí ọta ń wọ̀, ẹ tún fi ìka kàn án kó dá yín lójú pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kí ọta kankan má sí nínú yàrá tẹ́ ẹ ti ń ṣe é. Ìka kúrò lórí tírígà. Ẹ wá gbé ìbọn sún mọ́ àyà, kí ìgúnpá méjèèjì fara mọ́ ìhà yín, kí ẹnu ìbọn kọjú síbi tí kò léwu. Ẹ fi ọwọ́ òsì bo ẹ̀yìn síláìdì látòkè, kí ìdí àtẹ́lẹwọ́ wà lápá kan, kí ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lápá kejì, ẹ dì í mú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á fi ọwọ́ òsì fa síláìdì. Ẹ má fà á o. Ọwọ́ òsì ẹ jẹ́ kó dúró sójú kan, ọwọ́ ọ̀tún tó di ìdí ìbọn mú ni kẹ́ ẹ fi ti ìbọn síwájú gidigidi. Apá àti àyà ló máa ṣiṣẹ́ yẹn, kì í ṣe ìka, làkúrègbé ìka ò ní fi bẹ́ẹ̀ dá yín dúró. Tó bá ti dé òpin, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì yọ lọ sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí sípíríngì dá síláìdì padà fúnra ẹ̀. Ẹ má tẹ̀ lé e síwájú, torí ibẹ̀ ni ọta ti máa ń há.

Nǹkan méjì kan tún wà tí mi ò fi ń ṣeré. Àkọ́kọ́, tó bá ṣòro láti fà, àwọn kan á yí ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè rí agbára, ẹnu ìbọn á sì kọjú sí ẹni tó dúró ní ọ̀nà kejì ní rénjì. Ara ni kẹ́ ẹ yí, kì í ṣe ẹnu ìbọn. Ìkejì, tọ́ta bá wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ yọ ọ́, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ibi tí ọta ń gbà jáde, ọta lè bú sí yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó ti ṣe àwọn èèyàn rí.

Nọ́ọ̀sì_Houston

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Òótọ́ ni, ìka méjì ni mo fi ń fún un, bí wọ́n ṣe fi hàn mí ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Mo ti ṣe é bẹ́ ẹ ṣe wí láìsí ọta nínú ẹ̀, ó rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó yà mí lẹ́nu. Àmọ́ ti ìbàdí ńkọ́? Ìlà yẹn ṣì ń ha mí lára.

Ọdẹ_Atlanta

Èmi ò fara mọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ìbọn téèyàn ń gbé lójoojúmọ́ ò gbọ́dọ̀ máa ge olówó ẹ̀. Ìbọn tí John Browning ṣe, tí àwọn sójà Amẹ́ríkà gbà lọ́dún 1911, tí wọ́n sì ń pè ní 1911, ẹ̀yìn nìkan ni ìlà wà lára ẹ̀, ìlà tó sì wọ inú ni, kò yọ síta, wọ́n fi ja ogun àgbáyé méjèèjì. Àwọn tó ń fi 1911 ṣe ìbọn àgbérìn, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé e lọ fún gunsmith, ìyẹn ẹni tó ń tún ìbọn ṣe, kó bá wọn pa ẹnu igun ẹ̀ látòkè délẹ̀, kí gbogbo igun tó mú má ge ọwọ́ mọ́. Kí wọ́n tó dé orí ìlà tí wọ́n ń gé síwájú síláìdì lónìí yìí, 1911 ti pẹ́ lóde. Mo gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ gunsmith, wọ́n pa ẹnu igun ẹ̀, kò ha mí lára mọ́, mo sì ń fà á dáadáa títí dòní.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kò burú láti ṣe é. Ẹni tó máa ṣe é ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe orí tábìlì kíṣìnì.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ

Ọ̀rọ̀ Ọdẹ_Atlanta dáa, mo fẹ́ fi kún un torí iṣẹ́ irin ni mo ń ṣe, mo sì máa ń bá gunsmith kan ṣiṣẹ́.

Pípa ẹnu igun àti fífá kì í ṣe nǹkan kan náà. Tí wọ́n bá ní àwọn pa ẹnu ẹ̀, igun tó mú nìkan ni wọ́n ń fi òkúta pọ́n tàbí sánpépà tó kúná gan-an pa, ìlà yẹn á ṣì wà, ọwọ́ á ṣì dì í mú, àmọ́ kò ní ge awọ mọ́. Tí wọ́n bá fá a, ìlà ti lọ nìyẹn, síláìdì dán, ẹ wá fojú inú wò ó lóṣù kẹjọ ní Houston, òógùn lọ́wọ́, epo ìbọn lára síláìdì, ẹ fẹ́ fà á kíákíá. Ìdí tí wọ́n fi gé e síbẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 2021 tí kọ́ńpìnì Walther gbé ìbọn PDP jáde, ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìlà ara ẹ̀ yọ sókè ju ojú síláìdì lọ, kí ọwọ́ tó lómi tàbí tó wọ gílófù lè dì í mú. Wọ́n rò ó kí wọ́n tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọ̀ dúdú tó wà lára ẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú ìbọn òde òní, kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n kùn sí i lára. Wọ́n máa ń fi ooru àti náítírójìn ṣe ojú irin kó le, kó má tètè dógùn-ún. Àwọn kan ń pè é ní nitride, àwọn kan Tenifer. Ó wọ inú irin lóòótọ́, àmọ́ èyí tó le jù lójú ẹ̀ lókè tín-ín-rín ju irun orí lọ. Tí bọ̀ọ̀dá bá ti fi fáìlì gbà á, irin funfun yọ síta nìyẹn, ibàdí lẹ sì ń gbé e sí, òógùn iyọ̀ ń kàn án lójoojúmọ́, ó máa dógùn-ún. Ẹlòmíì á ní kẹ́ ẹ ra ògùn dúdú olómi tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré, pé kẹ́ ẹ fi pa á. Lórí irin lásán ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, lórí irin tí wọ́n ti fi náítírójìn ṣe kì í fẹ́ mú, lórí stainless kì í mú rárá. Ohun tí wọ́n ń ṣe dáadáa ni kí wọ́n tún gbogbo síláìdì kùn ní ọ̀dà, bíi Cerakote, wọ́n á fọ́n ọn sí i, wọ́n á gbé e sínú ààrò, ìwọ̀n 121°C fún wákàtí méjì. Owó ni, àsìkò sì ni.

Mo rí síláìdì kan tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa, ẹni tó ni ín ti fi fáìlì gba ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ò tẹ́jú mọ́, ó rí gbọ́n-ún-gbọ̀n-ún, àwọ̀ rọ́sítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láàárín àwọn ìlà tó kù, lẹ́tà tí kọ́ńpìnì kọ síbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Lẹ́tà yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ìbọn kan wà tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà lára síláìdì ẹ̀ pẹ̀lú, kọ́ńpìnì Glock ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, pípa nọ́ńbà ìbọn rẹ́, ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ síláìdì, kó kọ́kọ́ wo ibi tí nọ́ńbà wà.

Wáráńtì náà ńkọ́? Àǹtí, tuntun ni ìbọn yín. Ẹ pe kọ́ńpìnì tó ṣe é kí irin kankan tó kan án, ẹ sọ fún wọn pé ẹnu ìlà ti mú jù. Nígbà míì ẹ̀rọ tó gé e ni kò pa etí ẹ̀ dáadáa, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ padà kí wọ́n bá yín tún un ṣe.

Ìyá_Tolú_Maryland

Àbúrò mi, èmi náà ní làkúrègbé, tèmi ti pẹ́ ju tiyín lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti téépù àti ti irin elétí.

Téépù oníyanrìn yẹn, ìyẹn èyí tó jọ ti orí bọ́ọ̀dù tí àwọn ọmọdé ń fi yí kiri, ó ń di ọwọ́ mú lóòótọ́, àmọ́ òun gan-an tún ń ha ara ju ìlà lọ, nítorí náà kò bá ìṣòro yín mu. Èyí tó dà bíi rọ́bà ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ fi sípírítì nu ojú síláìdì kí epo kúrò pátápátá, ẹ gé téépù kó kéré díẹ̀ sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ rẹ́ igun ẹ̀ kó rí róbótó, torí igun tó ṣẹ́ ṣónṣó ló kọ́kọ́ ń ṣí. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹ má jẹ́ kó bo ojú ibi tí ọta ń gbà jáde, ẹ má sì jẹ́ kó débi tí síláìdì àti ìsàlẹ̀ ìbọn ti ń wọ ara wọn. Tí kò bá wù yín mọ́, ẹ ṣí i, ìbọn yín á wà bó ṣe wà.

Irin elétí, mo ní ọ̀kan lórí ìbọn .22, èyí tí ọta ẹ̀ kéré, tí mo fi ń ṣeré ní rénjì, ó dáa gan-an fún ọwọ́ mi. Lórí ìbọn tí ẹ ń gbé níbàdí, rárá o. Etí yẹn á máa gún yín, á máa há sáṣọ, họ́lísítà tí wọ́n fi ooru mọ fún ìbọn yín ò ní gbà á. Síkúrù ẹ̀ tún ń tú tí wọn ò bá fi gọ́ọ̀mù síkúrù sí i, torí síláìdì ń gbọ̀n gidi nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá yìn ín.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo obìnrin tó ń ka èyí mọ̀ ni pé ìbọn kékeré kọ́ ló rọrùn láti fà. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á wo ọwọ́ wa, wọ́n á gbé èyí tó kéré jù fún wa. Síláìdì kékeré fúyẹ́, sípíríngì ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ le kó lè dá agbára ọta dúró, nítorí náà òun ló máa ń le jù láti fà. Èyí tó tóbi díẹ̀ ló ń rọ̀. Àwọn kan ti wá ń ṣe é nítorí irú wa báyìí: Smith & Wesson gbé M&P 380 Shield EZ jáde lọ́dún 2018, síláìdì ẹ̀ rọ̀; Walther náà ṣe PDP F-Series lọ́dún 2022, wọ́n ní agbára tí wọ́n fi ń fa síláìdì ẹ̀ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti PDP yòókù. Tó bá wá jẹ́ pé ìbọn ti yín gan-an ló le jù fún yín, pààrọ̀ ẹ̀ dáa ju kẹ́ ẹ máa fá a lọ.

Tọ́pẹ́_UNT

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, èmi náà fẹ́ ra irú ẹ̀ o, mo wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1 ní Denton, Texas. Wọ́n ní Texas ò béèrè láísẹ́ǹsì mọ́ láti ọdún 2021, àbí?

Olùkọ́_Rénjì

Tọ́pẹ́ ọmọ mi, dúró ná. Òfin Texas ti 2021 yẹn, ti gbígbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìsí láísẹ́ǹsì ni, fún ẹni tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti gbà láyè tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí físà tí kì í ṣe ti ìgbé títí, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ H-1B, ìjọba àpapọ̀ ò gbà fún un láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi tó bá bọ́ sínú àwọn àyè tí òfin yọ sílẹ̀, irú bíi kó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tó ṣì wúlò. Ẹni tó ní gríìn káàdì kò sí lára àwọn tí òfin yìí dá dúró. Bá lọ́yà ìmíígírétì sọ̀rọ̀ kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí ọ̀rọ̀ yìí lè ba físà ẹ jẹ́ pátápátá. Má sì gbà kí ọ̀rẹ́ rà á sí orúkọ ẹ̀ fún ẹ, ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lọ sílé fún Kérésì, inú òfin ìbọn Nàìjíríà, àárín àwọn tó jẹ́ èèwọ̀ ni wọ́n to ìbọn ìléwọ́ sí, ẹni tó bá ní láísẹ́ǹsì látọ̀dọ̀ Ààrẹ nìkan ló lè ní in lọ́wọ́. Ẹ yẹ báàgì yín wò dáadáa, títí kan ọta tó bá ṣubú sínú àpò.

AdéDallas

Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju síláìdì lọ.

Mo fẹ́ dá Ọdẹ_Atlanta lóhùn lórí ìlà iwájú. Kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Ọ̀pọ̀ ìbọn báyìí ló ń ní awò aláàmì pupa, èyí tí wọ́n fi ń fojú sùn, lórí ẹ̀yìn síláìdì, awò yẹn sì ń dí ọwọ́ tó fẹ́ bò ó látòkè, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń lọ síwájú. Àmọ́ ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá dé iwájú ti sún mọ́ ẹnu ìbọn, nítorí náà Àǹtí, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ dúró sí. Tẹ́ ẹ bá wá fi awò sí i lọ́jọ́ iwájú, awò tó bá lágbára tí wọ́n sì dè dáadáa, ẹ lè fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tì í sẹ́yìn, ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí ìka ń dùn.

Ọdẹ_Atlanta

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ṣì ni pé tó bá wá di dandan pé kí wọ́n ṣe é, ẹnu ìlà nìkan, gunsmith tó ní láísẹ́ǹsì, kó sì fi iṣẹ́ tó ti ṣe rí hàn yín. Ẹ ní kó pa ẹnu ìlà ẹ̀gbẹ́ tó ń kan ara yín nìkan. Ẹ̀gbẹ́ kejì, kó fi sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Houston

Ẹ ṣeun ẹ̀yin ará mi. Ọkọ mi ti ka gbogbo ẹ̀, ó ti dá fáìlì padà sí gáréèjì. Mo máa pe kọ́ńpìnì lọ́jọ́ Ajé, mo sì máa gbìyànjú téépù rọ́bà yẹn. Ó kù ti ìbàdí o, irú họ́lísítà wo ni kí n máa wò? Èyí tí mo ní, ẹ̀yìn síláìdì yọ síta pátápátá lókè ẹ̀.

Ìyá_Tolú_Maryland

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń ha yín. Ẹ wá èyí tí ara ẹ̀ tó kan awọ yín ga sókè, kó bo síláìdì títí dé ẹ̀yìn. Wọ́n máa ń fi pílásítíìkì tàbí awọ ṣe é. Èyí tí wọ́n fi pílásítíìkì mọ níbi tírígà, tí wọ́n wá fi awọ tẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀, dáa fún ara obìnrin. Nǹkan mẹ́ta ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó: kó bo tírígà pátápátá, kó má ṣe gba ìbọn mìíràn yàtọ̀ sí oríṣi tiyín, kí ibi gíga yẹn má sì dí yín lọ́wọ́ láti di ìdí ìbọn mú dáadáa tẹ́ ẹ bá fẹ́ fà á yọ. Ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì gbé ìbọn òfìfo sínú ẹ̀ nílé, ẹ jókòó, ẹ tẹ̀, ẹ wọ mọ́tò, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ń gún yín kẹ́ ẹ tó ki ọta sí i.

Téépù tẹ́ ẹ bá lẹ̀ mọ́ síláìdì tún lè jẹ́ kó fún nínú họ́lísítà tuntun. Ẹ lẹ téépù mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó lọ dán họ́lísítà wò.